Ìlànà Kíkún fún Ọ̀mùgọ̀ Tó Fẹ́ Kan Ìsọ̀ Onípákó ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Ẹ̀yin ọ̀mùgọ̀ àtàtà, ẹ kú ìnáwó. Gbogbo ìwé ìlànà tó wà lórí igbá, àwọn ọlọ́gbọ́n ni wọ́n kọ ọ́ fún. Kò sí ẹni tó rántí yín. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nínú wa, ẹ̀yin náà lẹ sì ń náwó jù. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ìjẹ̀ṣà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, kó kọrí sínú àdúgbò. Kó tó rìn jìnnà ni ìsọ̀ onípákó yóò ti máa tò tẹ̀lé ara wọn lójú rẹ̀: ti oní-POS, ti àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú, ti ìyá onírẹsì, ti télọ̀, ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Èyí tó dúró ṣánṣán láti ìgbà tí wọ́n ti kàn án, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀, kò kàn yín. Èyí tó fẹ̀yìn ti òpó iná bí ọ̀mùtí, tí pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, ẹ ṣí fìlà fún un. Ọ̀kan nínú yín ló kàn án.

Oṣù Ọ̀pẹ ni àkókò yín gan-an. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá ti ń dáwó kánífà òpin ọdún, tí wọ́n fẹ́ dí òpópónà, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti máa ta súyà, ẹja yíyan, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ohun ìṣeré ọmọdé, ìgbà náà ni káfíńtà ń di ọba. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àríyá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ tó lọ bá a. Bí ẹ bá fi lè lọ ní oṣù Ọ̀wàrà, pákó yóò ráyè gbẹ, ẹ ó bá káfíńtà tó ráyè, ẹ ó sì rí ẹni bá dúnàádúrà. Ìyẹn kò yẹ ọ̀mùgọ̀.

Ó yá, ọ̀dọ̀ onípákó ni ká kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gẹdú fi ń léfòó lórí ọ̀sà wá sí Oko-Bàbá ní Èbúté-Mẹ́tta, níbi tí wọ́n ti ń là á. Ìjọba Èkó ti wá ní kí àwọn onígẹdú ibẹ̀ kó lọ sí Àgbówà. Ọ̀nà yòówù kí pákó gbà dé ọjà, ẹ má bèèrè orúkọ igi lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Pákó, pákó náà ni. Ẹni tó bá bèèrè ni yóò gbọ́ pé ìrókò le, pé ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, pé owó rẹ̀ sì ga. Pé arère fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ayùn, kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń pa á lóde, kì í pẹ́ tí yóò fi dúdú, tí yóò sì rà. Ọ̀mọ̀ràn tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ra ìrókò díẹ̀ fún ìtẹ́lẹ̀ àti ẹsẹ̀ nìkan, nítorí ibẹ̀ ni omi àti ikán ti ń wọlé, yóò wá fi igi olówó pọ́ọ́kú ṣe ara òkè tí òrùlé bò. Ẹ̀yin, ẹ yí i padà. Ẹ fi ìrókò ṣe pátákó orúkọ tí ẹ ó gbé sókè, kí ayé lè mọ̀ pé ẹ lówó, kí ẹ sì ri arère mọ́ inú ẹrẹ̀.

Kí pákó náà tutù. Èyí tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kàn án lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan máa ń tò ó síbi ibòòji fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ là á láàrin kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà; wọ́n ní pákó a máa súnkì bó bá ń gbẹ, pé ìbú rẹ̀ ló sì ń súnkì jù, gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Pákó tó bá súnkì lára ògiri yóò fi àlàfo sílẹ̀, àlàfo náà sì ni fèrèsé ọ̀fẹ́: ẹ̀fọn á wọlé, òjò á wọlé, ẹni tó ń kọjá lọ á sì máa bá yín ka owó láti ìta.

Nípa ìwọ̀n, pílíwúùdù tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 8 ní gígùn. Ìsọ̀ tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ 4 sí 8, tàbí 8 sí 8, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àjákù. Nítorí náà, ẹ sọ fún káfíńtà pé ẹsẹ̀ 5 ní ìbú àti 9 ní gíga lẹ fẹ́. Bó bá wò yín lójú, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Àjákù yóò pọ̀, ìyá onírẹsì yóò kó o dáná, ẹ ó sì ti ṣàánú láìmọ̀.

Ẹsẹ̀ ìsọ̀ ni iṣẹ́ yín wà gan-an. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìmọ̀ràn yòókù, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ gbẹ́ ihò, ẹ ri òpó mọ́lẹ̀, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ dí i, ẹ fẹsẹ̀ kì í. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kì í ṣe orí òkè. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù keje, tí ti oṣù kẹfà sì burú jù, gọ́tà a máa kún, omi a máa rìn lójú títì, a sì máa jókòó ti ìdí òpó yín títí ilẹ̀ yóò fi mu ún. Igi tó wà lábẹ́ omi pátápátá kì í tètè jẹrà, nítorí afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀. Igi tó gbẹ kì í jẹrà, nítorí omi kò sí níbẹ̀. Ojú ilẹ̀ gan-an, níbi tí òpó ti yọrí, ni omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni olú tó ń jẹ igi máa ń fi ṣe ilé. Níwọ̀n ìgbà tí omi inú igi kò bá ti tó ìdá 20 nínú 100, ebi ni yóò pa olú náà. Ẹ ṣàánú rẹ̀, ẹ fún un lómi.

Ikán náà ń retí yín. Ikán inú ilẹ̀ kì í fẹ́ kí oòrùn rí òun. Bí ìsọ̀ bá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ikán sábà máa ń fi amọ̀ kọ́ ọ̀nà gba ara búlọ́ọ̀kù gòkè. Ẹni tó bá ń wolẹ̀ á rí i, á sì fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù. Bí wọ́n bá tún fi abala páànù tó yọ etí síta sáàárín búlọ́ọ̀kù àti igi, ìrìn-àjò ikán á tún le sí i. Ṣùgbọ́n òpó tí ẹ bá rì mọ́lẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni ikán yóò ti wọ inú rẹ̀. Yóò jẹ inú tán, yóò fi èèpo sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà yín lórí, ẹ ó sì máa kun òfìfo lọ́dọọdún.

Mo mọ̀ pé ọ̀mùgọ̀ kan á ní, àwọn òyìnbó ńkọ́? Àwọn náà ti ṣe tiyín rí. Ní Norway, àwọn tó kọ́kọ́ fi igi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ri òpó mọ́lẹ̀. Òpó jẹrà nídìí, ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́n, wọ́n to òkúta sílẹ̀, wọ́n gbé ìtẹ́lẹ̀ igi lé òkúta, wọ́n gbé òpó lé ìtẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n sè lára igi páìnì kun ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Borgund, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1180, ṣì wà lórí ìdúró dòní, nínú òjò àti yìnyín. Òkúta tiwa ni búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án, mẹ́rin tàbí mẹ́fà péré lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń mọ ọ́n káàkiri Surulere. Ẹ má rà á. Afẹ́fẹ́ tí yóò máa gba abẹ́ ìsọ̀ yín kọjá, tí yóò máa gbẹ pákó ilẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, òtútù ni yóò fi mú yín.

Igi ìdábùú, èyí tí káfíńtà máa ń kàn láti igun ìsàlẹ̀ lọ sí igun òkè, ẹ ní kó yọ ọ́. Àlàfo kéékèèké tó ń gbà lè gba páálí omi kan. Láìsí i, onígun mẹ́rin kò ní agbára kankan. Yóò máa fì sọ́tùn-ún, fì sósì, títí yóò fi gba ìmọ̀ràn ara rẹ̀.

Ó kan ìṣó. Onínṣì kan àbọ̀ ti tó láti fi kan pákó onínṣì kan mọ́ férémù. Ẹni tó ń lo onínṣì méjì àbọ̀ ń ṣòfò irin. Orí pákó gan-an ni kí ẹ kàn án sí kí ó lè là, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo.

Ní ti òrùlé, ẹ jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń fún páànù ní ìdagẹ̀rẹ̀ ínṣì 2 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lé omi. Ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kó sinmi. Kí etí páànù má kọjá ògiri rárá. Bó bá yọ tó ẹsẹ̀ kan àbọ̀, òjò ò ní rí pákó nà, kí wá ni ẹ ó tún kàn lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ kọ ojú ìsọ̀ sí ìlà-oòrùn láìda nǹkan kan bò ó, nítorí ìjì líle tó máa ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àsìkò òjò, ìlà-oòrùn ló sábà ń gbà já wọ Èkó. Ojú ìsọ̀ ni yóò gbà wọlé, òkè ni yóò gbà jáde, páànù ni yóò sì mú dání. Ìṣó páànù, inú kòtò rẹ̀ tí omi ń ṣàn gbà ni kí ẹ kàn án sí. Àwọn tó ń kàn án síbi tó ga lára páànù, ihò tiwọn kì í jò.

Kí ẹ tó kùn ún, ẹ lọ bá mẹkáníìkì kó fún yín ní kọndẹ́m, ọ́ìlì dúdú tó fà jáde lábẹ́ ọkọ̀.  Ó ń rùn, ó ń yí mọ́ aṣọ oníbàárà, iná fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀dà kò sì ní mú lórí rẹ̀ mọ́. Solignum tí wọ́n ń tà nínú agolo wà fún àwọn tí kò ní ìfẹ́ ikán lọ́kàn. Àwọn yẹn á kùn ún sára igi kí wọ́n tó to férémù pọ̀, wọ́n á sì rẹ ojú ibi tí ayùn ti gé e dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin, ẹ kun ibi tí ojú rí nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú ìsọ̀ náà, kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì epo tì í.

Ó ku bí ìsọ̀ yóò ṣe bá àdúgbò mu, tàbí kí n ní bí kò ṣe ní bá a mu. Ojú pópó ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní ètò tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò kì í tètè rí i. Ìbòrí àwọn ìsọ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gọ́tà wà níwájú, pátákó kékeré wà lórí gọ́tà tí oníbàárà ń gbà kọjá, àyè ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé tó dàgbà ní àdúgbò, ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà tó ṣókùnkùn kùn, òkè ni wọ́n fi èyí tó mọ́lẹ̀ kùn. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: omi ẹrẹ̀ tí táyà ọkọ̀ ń ta kì í kọjá ìsàlẹ̀, ọ̀dà tó láwọ̀ ilẹ̀ sì ń bo ẹrẹ̀ láṣìírí. Ẹni tó bá kan ìsọ̀ tí ìbòrí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti aládùúgbò, tó kun ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, tó fi igi òkè sílẹ̀ ní àwọ̀ ara rẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan kò sẹ́ni tí yóò rántí pé ìsọ̀ náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa bá a ṣọ́ ọjà bó bá lọ kírun.

Èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ kun ìsàlẹ̀ ní funfun. Òkè ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti fi àwọ̀ pín ìgboro Èkó láàárín ara wọn, MTN mú yẹ́lò, Glo mú àwọ̀ ewé, Airtel mú pupa; ẹ da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan. Kí òrùlé yín ga ju ti ẹni tó wà lápá ọ̀tún lọ, kó bo orúkọ ìsọ̀ rẹ̀. Kí ògiri yín dí fèrèsé ẹni tó wà lápá òsì. Bí ìyá náà bá ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ ń dí mi lójú," ẹ fèsì pé, "Mummy, ayé ti là." Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sínú gọ́tà. Mo ti rí ọ̀mùgọ̀ tó gbé ìsọ̀ sí etí gọ́tà. Ẹni náà ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Inú gọ́tà gan-an ni, kí páálí, ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ike lè rí ohun kọ́, kí omi òjò gbogbo àdúgbò lè yà kí yín kó tó máa lọ.

Àlejò yóò dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká ìjọba Èkó tó ń wó ìsọ̀ tó bá dí gọ́tà. Ọdún 2003 ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ KAI. LAGESC ni wọ́n ń jẹ́ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n KAI ni ẹnu àwọn èèyàn ṣì ń pè wọ́n. Bí ẹ bá ti rí àmì X pupa lára pákó yín, ẹ má kó ẹrù. Ẹ sọ pé ẹ mọ kánsẹ́lọ̀. Ẹ sọ pé ìsọ̀ kò ṣeé gbé, òótọ́ ni ẹ sì sọ, nítorí ẹ ti fi ìṣó kan gbogbo rẹ̀ pọ̀ débi pé àáké nìkan ló lè tú u.

Àwọn káfíńtà tó ń kan ìsọ̀ fún ọjà àfihàn kì í lo ìṣó níbi tí ògiri ti pàdé ògiri. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni. Ògiri mẹ́rin, ilẹ̀ kan, òrùlé kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí igun kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ń tò ó má bàa ṣì í, èèyàn méjì àti sípánà méjì á sì tú u sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ á ṣe kánífà lóṣù Ọ̀pẹ, á sùn sínú yàrá ẹrù nígbà òjò, á tún jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìsí pé ẹnikẹ́ni ra ìṣó kan. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà àfihàn àgbáyé ti Èkó fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ fún Energoprojekt ti Yugoslavia, Zoran Bojović ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn ńláńlá onírin àti kọnkéré lójú ọ̀nà Badagry lọ́dún 1977. Lónìí, àwọn oníṣòwò ti sọ ibẹ̀ di ọjà ojoojúmọ́, àfihàn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ sì ti ṣí lọ sí Tafawa Balewa Square. Gbọ̀ngàn kò lè tẹ̀ lé e. Ìsọ̀ oníbóòtì lè tẹ̀ lé e.

Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé ohun onígi lè lọ sí ọjà àfihàn kó sì pẹ́ láyé, ẹ má gbà á gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Nígbà tí àfihàn parí, British Museum ò fẹ́ kó padà sílé mọ́. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ògògà dípò rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Abẹ́ òrùlé ló wà láti ilé, abẹ́ òrùlé ló wà ní àjò, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni rì í mọ́ gọ́tà.

Ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Káfíńtà ń retí yín. Ẹ má gbàgbé láti san owó rẹ̀ pé pérépéré kó tó gbé òòlù.